Máàkì Tí Wọ́n Fún Ilé Òkè

Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Èmi Yakumis ni mo ń sọ̀rọ̀. Tasula tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ló ń kọ ọ́. N kò lọ sílé ìwé. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń di ihò ara ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú òwú àti ọ̀dà; iṣẹ́ yẹn kò béèrè ìwé.

Evanthia ọmọ mi pè láti Jámánì lánàá. Ó ti gbé ilé òkè sórí fóònù, kí àwọn tó ń wá wẹ̀ lókun lè máa yá a gbé, kí wọ́n sì máa dáná fúnra wọn. Ó ní bí àlejò bá ti lọ, yóò kọ ọ̀rọ̀ nípa wa síbẹ̀, yóò sì fún wa ní máàkì, láti orí ení dé ẹ̀wá. Bí máàkì wa kò bá tó mẹ́jọ nígbà tí oṣù kẹjọ bá parí, òun yóò gbé kọ́kọ́rọ́ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀, òun yóò sì mú mi lọ sọ́dọ̀ òun ní Stuttgart.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò lè máa dá gbé nísàlẹ̀ ilé bí òkété."

Mo ní ó dáa. Mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ mi ni mo fún un yẹn.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá lè kọ̀wé nípa mi, èmi náà yóò máa kọ nípa wọn. Èmi náà ní máàkì.

Ọjọ́ kẹrin

A fọ ilé òkè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú Mersini ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀ n kò gun àtẹ̀gùn yẹn. Ọdún mẹ́ta. Tasula béèrè ibi tí ó yẹ kí òun kó ìkòkò sí. Mo ní ibi tí Mersini máa ń kó wọn sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní bí ó bá fẹ́ sunkún kó lọ sílé rẹ̀, ilẹ̀ là ń fọ̀ níhìn-ín. Tasula ní òun kò ní kọ èyí. Kọ ọ́.

Sadíìnì di yúrò mẹ́fà kílò kan. Mẹ́rin ni lọ́dún tó kọjá.

Ọjọ́ keje

Àwọn àkọ́kọ́ dé láti Họ́láǹdì, Joost àti Marijke ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ga débi pé Joost ti forí gbá àtẹ́rígbà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé àpò sílẹ̀. Wọ́n gbé pòtétò wá láti ilé wọn. Pòtétò! Ṣé wọ́n rò pé òkúta là ń jẹ níbí ni? Mo dúró lórí àtẹ̀gùn kí n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Obìnrin náà sè é, ó gún un, ó fi bọ́tà sí i. Ó parí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn níta. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní Skala, ìlú wa yìí, mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: a wà nílé, ẹ wọlé. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí níta, onílé kò sí, tàbí kò fẹ́ rí èèyàn. Mo gbé wàràkàṣì àti ẹyin mẹ́wàá, mo wọlé. Joost dúró nídìí sítóòfù, ó ń dín ẹyin, ó wà ní ìhòòhò bí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i. Ó kígbe. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ẹyin tuntun ni. Mo kó o sórí tábìlì.

Ohun tí mo ń rò títí di ìsinsìnyí ni pé, báwo ni ọkùnrin kò ṣe bẹ̀rù òróró gbígbóná?

Ní ọ̀sán, kọ́kọ́rọ́ tún wà níta. Mo tún wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, bákan náà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n ti lọ. Máàkì márùn-ún. Tasula kà á sókè: "Òkun dára. Ibùsùn dára. Bàbá onílé wọlé bá wa lẹ́ẹ̀mẹrin láìkànkùn. Nígbà kan, ọkọ mi kò wọ nǹkan kan."

Mo ní, "Àwọn ló fi kọ́kọ́rọ́ síta!"

"Bàbá Evanthia, wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni."

"Ta ló ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin?"

"Ẹni tó wà nísinmi. Ẹ máa kànkùn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọlé, ẹ wọlé. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ padà sísàlẹ̀. Ṣé ìyẹn le ni?"

"Kí n kan ilẹ̀kùn ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́?"

"Ẹ lọ máa kan ti Stuttgart nígbà náà."

Mo fún Joost ní mẹ́ta. Tasula ní kí n fi ọ̀kan kún un nítorí ìgboyà rẹ̀ nídìí òróró. Ó di mẹ́rin.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọmọbìnrin mẹ́rin láti ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ mẹ́fà. Bàrà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, bàrà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Mo kànkùn lẹ́ẹ̀mejì, orin ni wọ́n ń gbọ́, n kò wọlé. Wọ́n fi iyanrìn dí ihò omi. Wọ́n lọ, wọ́n fún wa ní mẹ́jọ. N kò ṣe ohunkóhun fún wọn, wọ́n sì fún mi ní mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ yìí yé Tasula. Kò yé mi.

Ọjọ́ kẹfà oṣù keje

Ìdílé kan dé láti Pólàǹdì: Halina, ọkọ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, àti ìyá ọkọ tó wọ aṣọ dúdú bíi ti àwọn opó tiwa. Mo kànkùn. Wọ́n ní kí n wọlé. Mo gbé tòmátì fún wọn nínú àwo Mersini tó ní ẹja búlúù nídìí. Ìyá náà ti po fúláwà, ó gé e róbótó, ó di nǹkan sínú rẹ̀, ó ká a títí tó fi dà bí etí èèyàn. Etí bí ogójì ló tò sórí tábìlì. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. N kò béèrè.

Ọjọ́ keje

Àwo padà wá. Ó mọ́ tónítóní. Òfìfo.

Ọ̀tá mi gan-an kì í dá àwo padà fún mi ní òfìfo. Nígbà kan tí a kò ní nǹkan kan nílé, Mersini já ewé efinrin kan ṣoṣo sínú àwo aládùúgbò.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbé ọ̀pọ̀tọ́ lọ, bóyá àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́. Halina sáré sọ̀kalẹ̀ wá dá àwo náà padà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Òfìfo. Ó ń dán. N kò kí wọn mọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Méje. Tasula kà á: "Bàbá onílé ṣe dáadáa sí wa fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kò dá wa lóhùn mọ́. Ìyá ọkọ mi sunkún. A kò mọ ohun tí a ṣe."

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ó ní, "Wọ́n fọ àwo yẹn kínú yín lè dùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílùú wọn. Èmi náà rò pé ẹ mọ̀."

"Ta ni yóò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè, Bàbá Evanthia. Ẹ kì í béèrè nǹkan."

Mo fún wọn ní mẹ́sàn-án. Mo fún ara mi ní méjì.

Ọjọ́ kejìlélógún

Ọjọ́ karùn-ún afẹ́fẹ́ àríwá nìyí. Ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀. Àwọn tó yẹ kó dé láti Ọ́síríà lọ sí erékùṣù mìíràn. Tasula ní kò sí ẹlòmíràn tó gba ilé náà àyàfi Ará Ítálì kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti gbà á láti oṣù kìíní, kí a tó ní máàkì rárá. Ẹni tó bá rí máàkì wa báyìí ń kọjá lọ ni. Ó lé díẹ̀ ní mẹ́fà àbọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ará Ítálì náà dé. Duilio lorúkọ rẹ̀, ó sún mọ́ ọjọ́ orí mi, búrẹ́dì ló ń ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní èbúté Jẹ́nóà, nítorí náà mo gbọ́ èdè rẹ̀, ó sì gbọ́ tèmi. Òun nìkan ló sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé àpò méjì. Ọ̀kan pupa, àpò obìnrin ni.

Mo ní, "Níbo ni ìyá dà?"

Ó ní, "Ó ń bọ̀."

Mo fi ìrọ̀rí kejì sórí ibùsùn.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kò sí òórùn oúnjẹ kankan láti òkè. Ooru mú.

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Bí ó bá ti di agogo mẹ́jọ alẹ́, imú mi ti máa ń sọ ohun tí àlejò ń sè fún mi: pòtétò Joost, àlùbọ́sà Halina. Láti ọjọ́ méjì yìí, kò sí nǹkan kan. Ike ìdọ̀tí ṣófo. Fèrèsé wà ní títì. Mo kànkùn. Ó ní òun wà dáadáa. N kò rí ìyàwó kankan tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òní.

Tasula ní, "Ẹ fi bàbá olóbàbá sílẹ̀. Òun ló kù tó lè gbé máàkì wa dìde. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa dúró sí."

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo kànkùn láàárọ̀. Kò dáhùn. Mo kànkùn ní agogo mẹ́wàá. Ní agogo méjìlá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Kò dáhùn. Òfin Tasula ni pé kí n padà sísàlẹ̀. Mo padà. Mo dé àárín àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi dúró.

Lẹ́yìn tí Mersini lọ, mo yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò níta ilẹ̀kùn mi. Odindi ọdún kan. Gbogbo Skala rí i, wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹnì kankan kò wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mo ń jẹ, tàbí bóyá mo ń jẹun rárá. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Tasula, má wò mí, máa kọ ọ́ lọ.

Mo lọ gbé irin tí mo fi ń ti òwú wọ ara ọkọ̀. Mo fi ti kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ihò ilẹ̀kùn, ó já bọ́ sínú ilé, mo fi tèmi ṣí i.

Duilio jókòó nídìí tábìlì nínú òkùnkùn. Ètè rẹ̀ ti bó. Àpò pupa wà níwájú rẹ̀, kò tíì ṣí i. Fóònù obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Jáde."

"Mi ò jáde."

"Mo sanwó ilé yìí."

"Ilé lo sanwó ẹ̀. O ò sanwó pé kí n má rí ẹ."

Mo ṣí fèrèsé. Mo bu omi fún un. Ó mu ún. Mo tún bu òmíràn.

Mo ní, "Níbo ni ìyá dà?"

Ó fọwọ́ kan àpò pupa náà. "Oṣù kẹrin ló lọ. Nives ló gba ilé yìí. Ó ti sanwó ẹ̀. Mo rò pé tí mo bá wá..."

"Tèmi ti pé ọdún mẹ́ta. Nínú yàrá yẹn ni."

Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ṣé orí ibùsùn tí mò ń sùn yẹn ni?"

"Rárá. Mo ti ra òmíràn."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, n kò mọ ohun tó dà lẹ́yìn náà. Mo kọ̀yìn sí i, mo sì gbé ìkòkò kaná. Mo rí ẹ̀wà funfun nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo dà á sí omi, mo gé àlùbọ́sà, mo da òróró ólífì sí i. Èmi fúnra mi kò sè é rí. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀wà náà ṣì le bí ìṣó. A jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Tasula gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi irin já ilẹ̀kùn àlejò? Bàbá Evanthia, ẹ ti dé Stuttgart!" Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá mo rẹ ẹ̀wà yẹn sómi mọ́jú kí n tó sè é.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń rẹ ẹ́ fún?"

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rìn ní gìgísẹ̀. "Mersini fi ọdún mẹ́rìnlélógójì rẹ ẹ̀wà lójú yín!"

Ọjọ́ kẹta

A rẹ ẹ́. Ó rọ̀. Iyọ̀ pọ̀ jù.

Ọjọ́ kẹjọ

Duilio ra ìyẹ̀fun, ó bá mi lọ sísàlẹ̀ láti wá igbá tó jìn. Ó ní búrẹ́dì Skala kò ní sùúrù. Ó fi ìyẹ̀fun àti omi ṣe ìwúkàrà, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ní ọmọ tuntun. Mo béèrè ìdí tó fi ń hó. Ó ṣàlàyé. Mo tún béèrè. Ó ní, "Yakumis, ìbéèrè ẹ pọ̀." Tasula gbọ́ èyí, ó ní òun fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀la ló yẹ kí Duilio lọ. Ó béèrè bóyá ẹlòmíràn ti gba ilé náà. Mo ní kò sẹ́nì kan, máàkì ti lé wọn. Ó ní òun yóò dúró títí oṣù yóò fi parí.

Ó béèrè ohun tí máàkì jẹ́. Mo sọ ọ́ fún un, títí dé Stuttgart.

Ó gbé fóònù Nives sórí tábìlì. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ni fóònù náà ti ń dún, ó ń béèrè bí ibùgbé wọn ṣe rí, ó ń ní kí Nives fúnni ní máàkì. Ọ̀rọ̀ náà máa ń hàn lójú rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan la sì ti lè dáhùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń ṣí i. Nives nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ti dán ọjọ́ ìbí rẹ̀ wò, ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ọjọ́ ìbí ajá wọn.

A jókòó, a ń wo fóònù náà. Ó tún dún. Ó ní kí Nives sọ fún àwọn bó ṣe gbádùn ilé wa sí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àjọ̀dún Ìyá Olúwa. Gbogbo ìlú wà lójú ọ̀nà. Èmi àti Duilio ń fọ ihò omi. Iyanrìn àwọn ọmọ Faransé ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ tí Evanthia ń bá sọ̀rọ̀. Ó wọn ilẹ̀kùn, ó wọn fèrèsé. Ó wo ilé ìdáná, ó ní àwọn yóò wó ògiri yẹn, àwọn yóò yọ ààrò àtijọ́ náà dànù, kí ibẹ̀ lè gba ibùsùn kẹta.

Mo béèrè pé, "Níbo ni wọn yóò ti máa dáná?"

Ó ní, "Ta ló ń dáná mọ́, bàbá?"

N kò nà án. Tasula ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ pé n kò nà án.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Evanthia pè. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Ọkọ̀ agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tí oṣù bá parí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Tasula ní, "Ẹ jẹ́ n gbé fóònù mi, kí n kọ ọ́ bíi pé àlejò ni mí. Mẹ́wàá, mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi yóò mọ̀."

"Ẹ̀yin àti oríkunkun yín, ẹ jọ máa wọ ọkọ̀!"

Ó bínú lọ. Ó fi búrẹ́dì tí mo gbé wá fún un sílẹ̀. Ó padà wá gbé e.

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo di ẹrù. Kò pọ̀. N kò gbé irinṣẹ́. Kí ni kí n dí ní Stuttgart?

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Evanthia dé pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi, ó wo àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo rò pé ó ti múra ìjà sílẹ̀, kò rí ẹni bá jà.

Ó ní, "Mẹ́fà àti díẹ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Mẹ́jọ la jọ sọ."

"Mẹ́jọ la sọ. Mo ti dẹrù."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní bú mi?"

"Ṣé o fẹ́ kí n bú ẹ ni?"

Nígbà náà ni Duilio kígbe sí mi láti òkè pé ẹ̀wà ti ń jó, ṣé mo ti kú ni.

Evanthia ní, "Ta nìyẹn?"

"Àlejò."

"Àlejò ń pè yín báyẹn?"

Ó gun àtẹ̀gùn níwájú mi. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Búrẹ́dì mẹ́ta wà lórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Tasula ń gé àlùbọ́sà, ó ń sọ fún Duilio ní èdè wa pé kò mọ iyọ̀, Duilio ń dá a lóhùn ní èdè tirẹ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ti èkejì. Mo ti wọn kúrò nídìí ìkòkò. Mo da omi díẹ̀ sí i, mo rò ó, mo tọ́ ọ wò.

Evanthia ní, "Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sè é?"

"Mo rẹ ẹ́ mọ́jú."

Ó fa àga, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé. A jẹun. Duilio sọ ọ̀rọ̀ ajá rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Tasula sọ ọ̀rọ̀ Joost àti òróró gbígbóná, Evanthia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń nù ún, omi náà kò dáwọ́ dúró. Ó béèrè ọ̀rọ̀ àwọn Faransé. Ó béèrè ti Halina. Mo sọ ti Halina fún un, n kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Oòrùn dé orí tábìlì. Ọkọ̀ agogo márùn-ún wọ èbúté, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. A gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ó fọn lẹ́ẹ̀kejì. Tasula wo ọwọ́ rẹ̀. Duilio wò mí.

Evanthia ti àwo rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ẹ bù sí i fún mi, Bàbá."

Mo bù ú.